Bí mo ṣe pààrọ̀ kọ́pílà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Nígbà tí mo ti ọ̀pá ìdarí síwájú, ariwo ẹ́ńjìnnì ń ga sí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yára, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba inú rẹ̀ kan. Kọ́pílà, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ṣáàfùtù (ọ̀pá tó ń yí pùròpẹ́là), ló gbó. Bóòtù ni a fi ń dè é mọ́ fláíwíìlì, àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, rọ́bà sì wà láàárín irin ìta rẹ̀ àti ihò eléyín tí ṣáàfùtù ń wọ̀. Bí rọ́bà náà bá ti ya, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń dá nìkan yí.

Lẹ́yìn tí mo ti tú bátìrì, apá ẹ̀yìn tó gbé pùròpẹ́là dání ni mo kọ́kọ́ yọ, nítorí pé ṣáàfùtù rẹ̀ gùn wọ inú kọ́pílà. Mo wá tú wáyà (ẹni tó bá ya àwòrán wọn tẹ́lẹ̀ kò ní ṣìnà nígbà tó bá ń dá wọn padà), ọ̀nà epo, họ́ọ̀sì omi àti ti èéfín, àti bóòtù ìjókòó ẹ́ńjìnnì, kí n tó fi ẹ̀rọ agbẹ́rù gbé e sókè.

Pípààrọ̀ kọ́pílà kò le. Títo ẹ́ńjìnnì padà ni iṣẹ́. Mo ti ọ̀pá ìtọ́sọ́nà gba inú bíárìn ẹ̀yìn ọkọ̀ (èyí tí ṣáàfùtù ń yí nínú rẹ̀) wọlé, mo sì ń gbé ìjókòó iwájú ẹ́ńjìnnì sókè tàbí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀pá náà fi wọ ihò eléyín láìlo agbára. Bí kò bá gún, kọ́pílà tuntun yóò tún bàjẹ́. Bíárìn náà ń ha bí mo ṣe ń fọwọ́ yí i, nítorí náà mo pààrọ̀ òun náà, mo fi gíríìsì pa eyín ṣáàfùtù, mo sì dá apá ẹ̀yìn padà. Ọkọ̀ ti ń sáré bó ṣe yẹ.