Ẹ má fi ọta ṣòfò: bí a ṣe ń gbá Space Invaders àti Galaga

Ní ọ̀pọ̀ ilé géèmù ní Mushin àti Ṣómólú, bọ́ọ̀lù ló gba ojú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ gbá Space Invaders tí Taito ṣe ní 1978, tàbí Galaga tí Namco gbé jáde ní 1981, ilé ara rẹ̀ ni yóò ti gbá a. Nínú méjèèjì, ọkọ̀ kan ni ẹ ń darí nísàlẹ̀, tí ẹ fi ń yìnbọn sí àwọn àjèjì tó wà lókè. Tí ẹ bá ń ra páàdì tí a fi ń darí géèmù ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ má sanwó àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi í sára kọ̀ǹpútà. Ẹ di òsì mú, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ìbọn léraléra. Bí ọkọ̀ bá ń dúró sójú kan nígbà tí ẹ ń yìnbọn, òmíràn ni kí ẹ gbà. Èyí tó bá ní turbo, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń yìnbọn léraléra fúnra rẹ̀, ẹ pa turbo náà.

Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ẹ tan Game Mode, torí láìsí i, ọkọ̀ yín á máa pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́ yín. Àwòrán géèmù méjèèjì ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀, ẹ má fà á fẹ̀.

Nínú Space Invaders, ọta yín kan ṣoṣo ló lè wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá tàsé, àfi kó rìn dé òkè pátápátá kí ìbọn tó tún dún. Gbogbo ọgbọ́n géèmù náà wà níbẹ̀.

Àwọn àjèjì jẹ́ 55: ìlà 5, mọ́kànlá-mọ́kànlá. Bí wọ́n bá ti kan etí, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á yí padà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa àwọn tó wà létí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí agbo wọn bá ṣe ń tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó kan etí. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni wọ́n ń yára sí i, torí ẹyọ kan ni ẹ̀rọ Intel 8080 inú rẹ̀ ń sún lẹ́ẹ̀kan, tí wọn ò bá pọ̀, kò ní pẹ́ kan oníkálukú. Èyí tó bá kẹ́yìn a máa sáré bí ọ̀kadà tó rí ọlọ́pàá. Iwájú rẹ̀ ni kí ẹ yìn sí, kì í ṣe ara rẹ̀.

Ọkọ̀ ọ̀tá tó ń kọjá lókè, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25 síra wọn, ń san pọ́ìntì 50 sí 300. Kì í ṣe oríire rárá: géèmù ń ka ọta yín. Ẹ yin 22 sára àwọn àjèjì, ẹ fi ìkẹtàlélógún pa ọkọ̀ náà, 300 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yin 14, kí ìkẹẹ̀ẹ́dógún jẹ́ tirẹ̀. Turbo á da kíkà yìí rú. Bí àjèjì tó kù kò bá tó 8, ọkọ̀ náà kò ní wá mọ́.

Galaga gbà yín láàyè ọta méjì. Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí ọ̀gá àwọn ọ̀tá mú ọkọ̀ yín, àmọ́ ẹ má dán an wò tí kò bá sí òmíràn nílẹ̀, torí géèmù parí nìyẹn. Ọ̀gá tó wà lókè ń gba ọta méjì kó tó kú. Ẹ yin ẹyọ kan lù ú kí àwọ̀ ewé rẹ̀ di búlúù. Tó bá sọ̀kalẹ̀ tó na ìtànṣán rẹ̀, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ má yìnbọn. Ẹ wá dúró di ìgbà tó bá tún já bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ yín, kí ẹ fi ọta kan pa á. Ẹ̀yin náà á di ọkọ̀ méjì tó so pọ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ẹlòmíràn a pa ọ̀gá náà níbi tó tò sí lókè. Ọkọ̀ tó mú á sì di ọ̀tá. Ẹlòmíràn a yìn ín lu ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọkọ̀ méjì fẹ̀, ó rọrùn láti yìn.

Ẹ gbìyànjú láti ní ọkọ̀ méjì ṣáájú ìpele 3, 7 àti 11. Níbẹ̀, ọ̀tá 40 ń wọlé ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, wọn kì í yìnbọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà nígbàkígbà tí ẹ bá dé ìpele náà. Tí ẹ bá pa gbogbo wọn, 10,000 ni.