Bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ food stamp lọ sí ọ́fíìsì sẹ́nátọ̀ wa: ìrírí mi

Alàgbà ni mí ní ìjọ Presbyterian kan ní Maryland níbí, ọmọ Yorùbá pọ̀ díẹ̀ láàárín wa. Ọjọ́ tí mo dábàá ní ìpàdé àwa alàgbà pé ká gbé ọ̀rọ̀ SNAP, owó oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn tówó ò tó lọ́wọ́ wọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní food stamp, lọ sí Washington, bàbá kan bi mí pé, "Alàgbà, kí ló kan ṣọ́ọ̀ṣì nínú òṣèlú?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ìjẹ́wọ́ Westminster, ìwé ìgbàgbọ́ ìjọ wa tí àwọn baba wa kọ láyé ọjọ́un, sọ pé kí ìgbìmọ̀ ìjọ má tojú bọ ọ̀rọ̀ ìlú, àfi tí ọ̀ràn bá le kọjá bó ṣe yẹ, kí wọ́n lọ fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ní, bàbá, èwo ló tún wá le ju kẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ máa sùn lébi?

Torí a ti fojú rí i. Oṣù kọkànlá 2025, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀kùn fún ọjọ́ 43, tí owó SNAP ò wọlé bó ṣe yẹ, èèyàn bíi mílíọ̀nù 42 ló sì ń jẹun nínú ẹ̀, ìlà àwọn tó wá gba oúnjẹ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ Thursday yẹn jáde sí títì, ẹlòmíì ṣì wọ yunifọ́ọ̀mù ibiṣẹ́.

Àwọn alàgbà gbà. Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ wá ohun tí General Assembly wa, ìpàdé àpapọ̀ gbogbo ìjọ wa, ti sọ nípa ebi àti oúnjẹ. Ẹ má fo ibí yìí o. Àwa ò ní bíṣọ́ọ̀bù tó máa pàṣẹ, ìbò la fi ń ṣe é, láti ọ̀dọ̀ alàgbà ìjọ dé presbytery, ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ agbègbè kan, dé General Assembly tó ń jókòó lọ́dún méjì-méjì, iye pásítọ̀ àti iye alàgbà tó ń dìbò níbẹ̀ sì máa ń dọ́gba. Ohun tí wọ́n bá dìbò fún ni ọ́fíìsì tí ìjọ wa ní ní Washington máa ń gbé lọ bá ìjọba, inú ilé àwọn Methodist ló wà, ẹ̀gbẹ́ Supreme Court, ó kọjú sí Capitol. Torí náà mi ò gbé ẹnu ara mi lọ, ẹnu ìjọ ni mo gbé lọ. A kì í sì í sọ ẹni téèyàn máa dìbò fún.

Mo fi fọ́ọ̀mù tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù sẹ́nátọ̀ béèrè ààyè nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ọjọ́ tá a fẹ́ lọ. Wọn ò fèsì. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fún wa ní ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kì í ṣe sẹ́nátọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dùn yín, òṣìṣẹ́ yẹn ló ń kọ ohun tí sẹ́nátọ̀ máa kà.

Ẹnì kan ní ṣebí àwọn sẹ́nátọ̀ wa méjèèjì ti dìbò lòdì sí òfin July 2025 tó yí ìlànà SNAP padà, èyí tó wọlé ní Sẹ́nétì pẹ̀lú ìbò 51 sí 50, kí la tún ń lọ ṣe? Mo ní ẹni tó wà lẹ́yìn wa náà nílò ohun tó máa fi jà.

Ohun tó máa fi jà yẹn, ẹ̀gbọ́n wa kan ló ní in. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, iṣẹ́ kílíìnì ni wọ́n ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti lé ní 54 kì í ro wákàtí iṣẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ SNAP, àmọ́ òfin tuntun gbé e dé 64: wákàtí 80 lóṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oṣù mẹ́ta péré nínú ọdún mẹ́ta lèèyàn máa rí i gbà. Ẹ̀gbọ́n ò sì sọ pé àwọn ò fẹ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá wọn ló ń pín wákàtí bó ṣe wù ú.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a fi Zoom dán an wò, ẹnì kan á sọ ti ìjọ, ẹ̀gbọ́n á sọ tiwọn, èmi á sọ ohun kan ṣoṣo tá a fẹ́: kí wọ́n jà kí wọ́n dá ọjọ́ orí yẹn padà sí 54. Mọ́mì kan fẹ́ din puff-puff dání, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀, kó má lọ jọ pé a mú nǹkan dání wá bẹ̀bẹ̀.

A bọ́ bẹ́líìtì fún sikiọ́ríìtì, a wọlé. Òṣìṣẹ́ yẹn, ọmọbìnrin kékeré kan, ló jókòó pẹ̀lú wa. Gbogbo ohun tí mo sọ, orí ló ń mì, kò kọ nǹkan kan. Ìgbà tó kan ẹ̀gbọ́n, wọ́n tú nylon tí wọ́n di ìwé owó iṣẹ́ wọn sí, wọ́n tẹ́ méjì sórí itan, wọ́n fi ìka tọ́ ibi tí wákàtí wà: 46, àti 30. "76 nìyẹn. Ó ku mẹ́rin. Mo bẹ ọ̀gá mi fún mẹ́rin yẹn, ó ní kò sí." Ọmọ yẹn gbé bírò. Ó bi wọ́n bóyá òun lè ya fọ́tò ìwé náà, ẹ̀gbọ́n ní "yà á, àmọ́ bá mi bo orúkọ," ló bá fi àtàǹpàkò bo orúkọ kó tó yà á.

Mo fi ímeèlì dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí wa, ó ní ṣé a mọ ẹlòmíì tí wákàtí ẹ̀ ń dín díẹ̀ sí 80 báyìí. Òfin ò tíì yí padà o. Àmọ́ tábìlì kan ti wà ní ẹnu ọ̀nà báyìí ní gbogbo Thursday, ẹ̀gbọ́n ló jókòó síbẹ̀, wọ́n ń bá àwọn èèyàn ṣírò wákàtí wọn, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò bo orúkọ kí wọ́n tó ya fọ́tò.