Ẹ Má Fi Awò Ìbọn Ẹlẹ́tù Sórí Ìbọn Afẹ́fẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Agbègbè Rẹ̀

Pé ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò ń hú àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ọ̀rọ̀ awò (scope, gíláàsì tí a ń wò láti fi fojú sun nǹkan) tí ẹ ń rà sórí ìbọn afẹ́fẹ́ ni ìwé yìí wà fún, nítorí àṣìṣe kan náà la ń rí lóko dé oko, láti Oríire títí dé Ògo-Olúwa. Àgbẹ̀ á ra awò gọbọi, owó á lọ, kò ní í pẹ́ tí awò á fi dàrú, wọ́n á wá ní ìbọn ni kò dáa.

Kí a tó lọ jìnnà, òfin Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó ní in. Ẹni tí kò bá tíì gba ìwé, kó lọ gbà á ná kó tó máa wá awò kiri.

Ìbọn ẹlẹ́tù máa ń ta sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbọn afẹ́fẹ́ oní-sípíríǹgì, èyí tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ kí a tó ki ọta sí i, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yìn ín, irin inú rẹ̀ á sáré síwájú, ìbọn á fà sẹ́yìn. Bí irin náà bá dé òpin, ìbọn á tún ta síwájú gìrì. Awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ẹlẹ́tù, ìtasẹ́yìn nìkan ló lè gbà mọ́ra. Ìtasíwájú yẹn ló ń já àgbélébùú tín-ín-rín inú rẹ̀ tí a fi ń fojú sun nǹkan, tó sì ń tú gíláàsì rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá lára páálí ni bóyá wọ́n kọ air gun tàbí air rifle síbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí ibi tí wọ́n ṣètò awò náà fún ṣe jìnnà tó. Ọ̀pọ̀ awò ìbọn ẹlẹ́tù ló jẹ́ yáàdì 100 ni wọ́n ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ mítà 15 lẹ̀yin ti ń yìnbọn sí ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ojú yín ò bá wà ní àárín gbùngbùn awò, irú èyí tí gíláàsì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 40 lè mú yín ṣì í ní sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ìyẹn tó láti ta orí ọ̀kẹ́rẹ́ nù. Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó: ẹ gbé awò lé orí àpò ìrẹsì, ẹ wo àmì kan lára ògiri tó jìn tó mítà 15, kí ẹ wá mi orí sọ́tùn-ún sósì láì fọwọ́ kan awò. Bí àgbélébùú inú rẹ̀ bá ń rìn kúrò lórí àmì yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Awò 4×32 ti tó fún iṣẹ́ oko. Ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́rin, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 32. Èyí tí gbogbo èèyàn ń dù, 3-9×40, tí a lè yí láti ìlọ́po mẹ́ta dé mẹ́sàn-án, bí ẹ bá yí i dé 9, gbogbo gbígbọ̀n ọwọ́ yín lẹ máa rí nínú rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà nítòsí á sì ṣú bàìbàì. Bí owó bá ṣẹ́kù, èyí tó ní òrùka iwájú tí wọ́n kọ 10, 15, 25, 50 sí, tí a ń yí sí bí nǹkan ṣe jìnnà tó, ni kí ẹ fi kún owó rà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì mú, tí kì í yìn kọjá mítà 15, irin ìfojúsùn tó bá ìbọn wá ti tó o, kó fi owó rẹ̀ ra ajílẹ̀. Awò oníná pupa (red dot) náà wà, ó yá fún ẹni tó ń rìn káàkiri oko, àmọ́ àmì 3 MOA (MOA ni ìwọ̀n igun tí wọ́n ń lò fún awò) máa ń bo nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà 20. Ẹ máa pa á lẹ́yìn lílò kí bátìrì má bàa kú.

Ìdìmú awò: ojú irin orí ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ jẹ́ mìlímítà 11. Ìdìmú tó fẹ̀ tó 21 kò ní í dì í mú. Ẹ ra èyí tó ní irin kékeré tó ń wọ ihò ẹ̀yìn ìbọn, torí láìsí i, awò á máa yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìka mẹ́rin sáàárín ojú àti awò. Ẹ fún àwọn síkúrù ní ìdábùú, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú apá kúkúrú Allen key. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sẹ́yìn ìdìmú. Bí ìlà bá jìnnà sí i lọ́la, awò ti yọ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ to awò kó bá ibi tí ọta ń bà mu, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún sára páálí ní mítà 20 pẹ̀lú irú ọta kan ṣoṣo. Ọta kan kò tó láti fi yí nǹkan kan. Àárín ihò márààrún lẹ máa wò. Lórí awò tí wọ́n kọ 1/4 MOA sí, bí ẹ bá ń yí kókó rẹ̀, ìró “kẹ́” méje ló ń sún ọta ní sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà 20, mẹ́rìnlá ni ní mítà 10. Ẹ má gbé ọ̀pá ìbọn lé igi tàbí òkúta. Àtẹ́lẹwọ́ tó là ni kó sùn lé, ẹ má fún un mọ́wọ́. Ìbọn 5.5mm tó ń ta ọta ní nǹkan bíi mítà 180 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹ ti tò ní mítà 20, ọta rẹ̀ á bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí ẹ fojú sùn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà 5, àti bíi 3 ní mítà 30.

Bí ẹ bá ti yí kókó òkè awò dé òpin tí ọta ṣì ń bọ́ sísàlẹ̀ àmì, ẹ má fipá yí i. Ọ̀pá ìbọn ló tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ gé agolo mínírà tó nípọn tó mìlímítà 0.1, kí ẹ fi sábẹ́ awò nínú ìdìmú ẹ̀yìn. Bí ìdìmú méjèèjì bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹyọ kan á gbé ọta sókè ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà 20.

Ẹ fi òwìwí sílẹ̀, eku ló ń bá yín jẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ fẹ́ erùpẹ̀ kúrò lójú awò kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ má fi etí ẹ̀wù nù ún láéláé. Lẹ́yìn ọta 50, ẹ tún gbogbo síkúrù fún.