Púláànù nìkan kọ́ ni iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń kọ́lé ní Àkúrẹ́

Àṣìṣe tó léwu jù ni pé onílé á gba púláànù lọ́wọ́ àkítẹ́ẹ̀tì, á sanwó, á sì dágbére fún un. Bíríkìlà ló kù tó máa pinnu ohun gbogbo. Bí òpó kan ò bá jẹ́ kí mọ́tò wọlé dáadáa, wọ́n á yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Bí àlàfo àárín òpó méjì bá kúrò ní mítà 3.6 tó di mítà 5, agbára tó ń tẹ bíìmù (kankéré tó dùbúlẹ̀ lórí òpó méjèèjì) wálẹ̀ ní àárín á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bí ẹrù orí mítà kọ̀ọ̀kan ò tilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irin tí ẹńjiníà kọ sílẹ̀ fún mítà 3.6 kò lè gbé e. Ó lè má hàn lọ́dún àkọ́kọ́. Ògiri ló máa ń kọ́kọ́ lanu. Bákan náà ni gbígbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ka orí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ilé ilẹ̀.

Torí náà, kí ìwé àdéhùn sọ ìgbà tí àkítẹ́ẹ̀tì máa wá sí sáìtì: nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán kí wọ́n tó da kankéré, nígbà tí wọ́n bá to irin dẹ́kìn (ilẹ̀ kankéré ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì) tán, àti kí wọ́n tó kan páànù. Tí kankéré bá ti bo irin, ojú ò lè kà á mọ́. Ìyípadà yòówù tó bá wáyé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹńjiníà náà sì fọwọ́ sí i.

Kọ̀ǹpútà ti mú kí àwòrán yá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tó kàn mọ̀ ọ́n yà. Ṣùgbọ́n àkítẹ́ẹ̀tì òde òní ló ń mú àwòrán ẹńjiníà, ti púlọ́ńbà àti ti oníná bára mu. Níbi tí kò bá sí ẹni tó ṣe é, páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á já sí àárín bíìmù, wọ́n á sì gbẹ́ bíìmù náà títí wọ́n á fi gé irin rẹ̀. Òfin tó ń darí ìforúkọsílẹ̀ àkítẹ́ẹ̀tì ti wà láti 1969, ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló sì ń mójú tó o. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àkítẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí òun náà má sì ṣírò irin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ẹńjiníà tí COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ẹńjiníà sílẹ̀, mọ̀ nìyẹn.

Púláànù ilé ẹlòmíì ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ní Àkúrẹ́, ẹ lè gbẹ́ díẹ̀ kí ẹ kan àpáta. Lẹ́bàá odò Àlà, ilẹ̀ lè rọ̀ kó sì lómi. Ìpìlẹ̀ méjèèjì ò lè rí bákan náà. Ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn ló yẹ kó kọjú sí àríwá àti gúúsù, torí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn máa ń gbóná wọ alẹ́.

Ẹ má gbẹ́ ìpìlẹ̀ kí ìwé àṣẹ ìkọ́lé tó jáde.

Sókàwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà rìn wọlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sí ìkẹyìn, níbi tí àyè bá ṣẹ́ kù. Ó yẹ kó jìnnà sí kànga tó mítà 15, ó kéré tán. Mítà 15 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo fífẹ̀ púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50, nítorí náà kànga aládùúgbò wà nínú ìṣirò náà. Kí àkítẹ́ẹ̀tì wọn ibi tó wà, kó sì fi í hàn lórí púláànù, kí ẹ tó yan ibi tí ilé máa wà.