Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí Ó Ń Mú Kí Ènìyàn Sanra Ní Àsìkò Ọdún

Bí àsìkò ọdún bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹnìkan sì rí i pé aṣọ òun ti ń fún òun, ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé oúnjẹ ọjọ́ ọdún ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kà sí gbòǹgbò àwọn àṣìṣe yòókù, nítorí pé ẹni tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru ọjọ́ kan ṣoṣo yóò máa ṣọ́ ọjọ́ náà lójú méjèèjì, yóò sì gbàgbé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje tí ó yí i ká. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, wọ́n wọn àgbàlagbà 195 ṣáájú àsìkò ọdún, láàárín rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, ohun tí ó kún ara ẹnì kọ̀ọ̀kan láti àárín oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní kò ju kílógíráàmù 0.37 lọ. Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni ti nǹkan tí kò tó ìdajì kílò. Ohun tí ó kọ mí lóminú ni pé nígbà tí wọ́n tún wọn àwọn ènìyàn náà ní ìparí oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ìwọ̀n náà ṣì wà lára wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún tí kò sì kúrò, láàárín ọdún mẹ́wàá yóò ti tó kílò mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni ti ẹni tí ó ń febi pa ara rẹ̀ de àsè. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń lọ síbi àpèjẹ ní ìrọ̀lẹ́ a máa fi oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán du ara rẹ̀, ní èrò pé òun ń fi àyè sílẹ̀ fún ti alẹ́. Ó dàbí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ti ń pa láti àárọ̀ kì í lè yan oúnjẹ, kì í sì lè rọra jẹ ẹ́. Ohun tí ó bá kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀ ni yóò kì bọ ẹnu, èyí tí ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ dé ni ohun dídín àti ohun dídùn. Bẹ́ẹ̀ ni ara kì í tètè mọ̀ pé òun ti yó. Ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ìròyìn àyó tó ti inú ikùn àti ìfun dé ọpọlọ, nígbà tí yóò bá sì fi dé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti bu abọ́ kejì. Ti ẹni tí ó ń lo abẹ́rẹ́ insulin tàbí àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan tilẹ̀ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àìjẹun lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú. Ẹ jẹun àárọ̀ yín bí ẹ ti ń jẹ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹyin, ẹja, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ má baà fi inú òfìfo jókòó síbi àsè.

Èkejì ni pé a kì í ka ohun tí a mu mọ́ ohun tí a jẹ. Mo ti rí ẹni tí ó fi ìṣọ́ra bu oúnjẹ díẹ̀ sínú àwo, tí ó kọ ẹran ọlọ́ràá, tí ó sì mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta kí ó tó dìde níbẹ̀. Agolo kan tí ó gba mílílítà 330 sábà máa ń ní ṣúgà tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, àti èyí tí ó wà nínú oyin àti omi èso, má ṣe kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́. Ó fi kún un pé ó sàn jù bí ó bá dín sí ìdajì èyí, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 25. Agolo kan péré ti fò ó kọjá. Ti ọtí kò yàtọ̀. Nínú gíráàmù kan ṣúgà tàbí èròjà amáradàgbà, kálórì 4 (ìyẹn ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) ni ara ń rí; nínú ti ọtí, 7; ọ̀rá nìkan, tí ó ní 9, ni ó jù ú lọ. Ìgò bíà ńlá kan tí ó gba mílílítà 600 lè tó kálórì 250, ìyẹn ni nǹkan tí ẹni tí ó wọn 70 kílò fi í rìn kánkán fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ó tó lò ó tán. Ohun mìíràn tí ọtí ń ṣe ni pé ó ń tú ìkóra-ẹni-níjàánu ká, tí ènìyàn a sì máa nawọ́ sí àwo tí kò ní í nawọ́ sí bí ojú rẹ̀ bá dá. Ẹ máa fi omi sáàárín ife kan àti èkejì.

Àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ àjẹjù níbi àsè rárá, síbẹ̀ tí wọ́n ń sanra. Inú ilé ni tiwọn ti ń wá: ìtọ́wò tí ó di ìjẹun nídìí ìkòkò, ìpápánu tí a gbé sórí tábìlì fún àlejò tí kò tíì dé, àti àjẹṣẹ́kù tí a ń jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó má baà ṣòfò. Àyẹ̀wò kan tí Cochrane, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àtúpalẹ̀ ìwádìí lórí ìlera, ṣe ní ọdún 2015 lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí fi hàn pé bí ohun tí a bù síwájú ènìyàn bá pọ̀ sí i, ó máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ bù ú fún ará ilé mìíràn, ẹ kó o sínú fìríìsà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Ní ti òṣùwọ̀n, ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣi í lò. Àwọn kan a sá fún un títí àsìkò ọdún yóò fi parí. Àwọn mìíràn a gun orí rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àsè, wọn a rí kílò méjì lé, ọkàn wọn a sì dà rú. Omi ni ó pọ̀ jù nínú kílò méjì yẹn. Iyọ̀ inú oúnjẹ ń dá omi dúró sára, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo gíráàmù kan ṣúgà tí ara bá tọ́jú sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan ń gba nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Kí ọ̀rá kílò kan tó lè kún ara, ènìyàn ní láti jẹ kálórì bíi 7,700 lé orí èyí tí ara rẹ̀ nílò, kò sì sí ẹni tí í tètè jẹ ìyẹn lóòjọ́. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Birmingham tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 wulẹ̀ sọ fún àwọn kan nínú àwọn ènìyàn 272 pé kí wọ́n máa wọn ara wọn, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní àkókò ọdún. Wọ́n tún kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣọ́ oúnjẹ, wọ́n sì fi hàn wọ́n bí ìrìn yóò ṣe gùn tó kí oúnjẹ ọdún kọ̀ọ̀kan tó jó tán. Nígbà tí ó parí, nǹkan bí ìdajì kílò ni ìwọ̀n wọn fi dín sí ti àwọn tí a fún ní ìwé pẹlẹbẹ lásán.

Ẹ má ṣe fi eré ìdárayá san gbèsè oúnjẹ. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ láìsinmi ní gbogbo àsìkò náà ṣàǹfààní ju kí ènìyàn sáré títí yóò fi ṣubú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Oorun náà kò ṣeé fi ṣeré: àìsùn tó máa ń mú kí ebi pọ̀ lọ́jọ́ kejì, pàápàá ebi ohun dídùn.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà pé "ó ti bàjẹ́ ná, ó di lẹ́yìn ọdún." Ẹni tí ó jẹ àjẹjù lọ́sàn-án a sọ ọ́, a sì jẹ àjẹjù lálẹ́ àti ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún bá wá parí, a ra tíì tàbí oògùn tí ń múni yàgbẹ́, ní èrò pé yóò gbá ọ̀rá dànù. Inú ìfun ńlá ni púpọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ìfun kékeré ti fa agbára inú oúnjẹ tán. Omi àti iyọ̀ ara ni ó ń tú dà, ọ̀rá ṣì wà níbi tí ó wà. Bí ẹ bá jẹ àjẹjù lónìí, ẹ má gbààwẹ̀ lọ́la, ẹ má sì lo oògùn kankan. Ẹ mu omi, ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ sì jẹ oúnjẹ tí ó bá tún kàn bí ẹ ti ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọdún.