Ọkọ̀ Mar Grande àti Omi Tó Fà

Ìwé ìtọ́sọ́nà tí mo rà sọ pé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi kékeré ń ti Salvador, ìlú kan ní Bàyíà ní ilẹ̀ Brazil, lọ sí Mar Grande, ní erékùṣù Itaparica. Kò mẹ́nu ba omi òkun tó ń fà sẹ́yìn rárá. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe sanwó ọkọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń bí mi nínú títí di òní.

Ìtòsí ọjà Mercado Modelo ní Salvador lẹ ti máa wọkọ̀. Kò ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ tí ọ̀nà bá là.

Ọ̀nà ò là. Baía de Todos os Santos ni òkun ti ya wọ ilẹ̀ Bàyíà. Itaparica dúró sẹ́nu rẹ̀, ó ń gba ìgbì Àtìláńtíìkì sára, omi inú sì tòrò. Ìyẹn wà lára ohun tí àwọn Potogí rí tí wọ́n fi tẹ Salvador dó sétí rẹ̀ ní 1549. Ṣùgbọ́n omi tó tòrò náà ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, kíkún àti fífà lè fi mítà 2 jura wọn lọ. Àárín aago 9 sí 11 òwúrọ̀ ló sì sábà máa ń fà tán nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí èrò pọ̀ jù! Àpáta wà lábẹ́ omi níwájú Mar Grande, ibẹ̀ ò sì jìn. Ọkọ̀ tó bá fipá lọ, ìdí rẹ̀ á gbá ilẹ̀. Wọ́n dá gbogbo wa dúró.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe àṣírí. Ọdọọdún ni Ọmọ-ogun Ojú Omi Brazil ń tẹ wákàtí kíkún àti fífà jáde. Àwọn obìnrin erékùṣù tó ń ṣa ìṣáwùrú mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ìgbà tí omi bá fà ni iṣẹ́ wọn ń yá.

Mo kọjá sí São Joaquim, èbúté mìíràn ní Salvador, mo wọ ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò lọ sí Bom Despacho, èbúté mìíràn ní erékùṣù náà, níbi tí omi ti jìn. Ó gbà tó wákàtí kan, mo tún sanwó kọ́ńbì dé Mar Grande. Ṣùgbọ́n mo débẹ̀, mi ò bá wọn jókòó dúró de omi.

Ẹ wo wákàtí omi lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Bí nọ́ńbà òwúrọ̀, ìyẹn gíga omi ní mítà, bá súnmọ́ 0.0, ẹ tètè lọ kí aago 8 tó lù, tàbí kó di ọ̀sán. Bó bá jẹ́ Egúngún ni ẹ fẹ́ lọ wò ní Ponta de Areia, ní erékùṣù yìí kan náà, ẹ má wulẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré. Bom Despacho ló súnmọ́ ọn jù.