Bí ẹ ṣe lè mọ ọjọ́ orí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá àgbà fi sílẹ̀

Ẹni tó rẹ àdìrẹ kì í kọ ọdún sí i lára. Ohun tó dé kẹ́yìn lára aṣọ náà ni kí ẹ wá, torí aṣọ kò lè dàgbà ju ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ. Ẹ má tíì fọ̀ ọ́ o. Omi á gbé nínú aró rẹ̀ lọ.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, kí ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, yà, nítorí náà ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ máa ń dúdú ju ojú lọ. Bí ojú àti ẹ̀yìn bá jọra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Bí ẹ̀yìn bá ṣì ju ojú lọ, ilé iṣẹ́ ló ṣeé ṣe kó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ẹyẹ tàbí ewé kan náà ní ibi méjì lára aṣọ, kí ẹ fi tépù wọ̀n wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi yà á, ìlà á nípọn níbì kan, á tín-ín-rín níbòmíràn, ẹyẹ méjì kò sì ní bára mu. Bí wọ́n bá bára mu pátápátá, tí ìlà wọn sì já níbì kọ̀ọ̀kan, páànù tí wọ́n gé ihò sí ni, irú èyí tí àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ń lò. Ìyẹ́ kò kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà ìyẹ́ nìkan kò tó ẹ̀rí pé aṣọ ti gbó.

Orúkọ àwòrán ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ìbàdàndùn ní òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Màpó. Olóba ní àwòrán ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, àti ìyàwó rẹ̀, láti ìgbà àjọ̀dún ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1935. Àwọn aláró sì tún ń ṣe àwọn àwòrán wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìgbà tí aṣọ kò lè ṣáájú ni àwòrán ń fi hàn, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí ìda àti oríṣiríṣi àwọ̀ dípò búlúù, kàǹpálà ni, èyí tó gbòde láti ìparí àwọn ọdún 1960.

Ẹ fa fọ́nrán òwú kan láti etí aṣọ gan-an, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, kì í ṣe láti ojú rírán. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lókè àwo omi, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á rùn bíi bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Pọliẹ́sítà á yọ́, á dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Bí ó bá wà nínú aṣọ fúnra rẹ̀, aṣọ yẹn kò ṣáájú àwọn ọdún 1950. Bí ẹ bá dán òwú ìránṣọ wò lọ́tọ̀, tó jẹ́ òun nìkan ló yọ́, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló tún un rán lẹ́yìn ìgbà náà. Ojú rírán tún wúlò lọ́nà mìíràn: ẹ rọra ṣí ibi tí wọ́n ti so ìlàjì aṣọ méjèèjì pọ̀. Àwọ̀ tí oòrùn kò rí á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fi ṣíṣì ṣèdájọ́. Aṣọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń sá sóòrùn lójoojúmọ́ lè ṣì ju ti àádọ́ta ọdún tó wà nínú àpótí lọ. Ojú lásán kò sì lè ya aró èlú sọ́tọ̀ kúrò lára aró búlúù tó ti òkèèrè wá, ohun kan náà ló ń pa aṣọ méjèèjì láró.

Bí ẹ bá fẹ́ bi àgbà ilé, ẹ má bèèrè ọdún. Ẹ ní: "Ṣé ẹ ti ń ró o kí wọ́n tó sọ owó di náírà?" (January 1973 nìyẹn.) "Ṣé ó ti wà nígbà òmìnira?" Ẹ tún wá fọ́tò àtijọ́, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ayàfọ́tò kọ ọjọ́ sí i.

Kí ẹ wá kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin sílẹ̀, bíi "lẹ́yìn 1935, ṣáájú 1960", pẹ̀lú ẹ̀rí tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró. Òwú ni kí ẹ fi so ìwé náà mọ́ etí aṣọ. Píìnì á dógùn-ún, á sì jẹ ẹ́.